Ìwé Ìbò Tí Bàbá Àgbà Fọwọ́ Sí

Àwọn tó wá bá wa kẹ́dùn ní District Heights, lẹ́bàá Washington ní Amẹ́ríkà, sọ̀rọ̀ Bàbá Àgbà dáadáa. Wọ́n ní tíṣà tó mọṣẹ́ ni wọ́n nígbà tí wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ní ìrun Jímọ̀ kan kò fò wọ́n rí. Wọ́n ní ẹni jẹ́jẹ́ ni. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń gbé omi fún àlejò lọ́jọ́ náà, mo ń rò ó pé kò sí ẹnikẹ́ni tó tíì sọ ohun tí mo mọ̀ mọ́ bàbá tó bí bàbá mi jù lọ: ẹ̀rù ìbò máa ń bà wọ́n. Bí ẹlòmíì ṣe ń bẹ̀rù àrá ni Bàbá ṣe ń bẹ̀rù ìbò. Tí àsìkò rẹ̀ bá ti ń sún mọ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í rù, ṣòkòtò wọn á di ohun tí wọ́n ń fi okùn fà mọ́dìí, oúnjẹ tí ìyá mi bá gbé fún wọn á tutù síwájú wọn.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà tí wọ́n ti Ìbàdàn dé sọ́dọ̀ wa. Wọn ò tíì lo oṣù mẹ́ta tí Amẹ́ríkà fi dìbò tí ẹnikẹ́ni ò mọ ẹni tó wọlé. Lójoojúmọ́ ni tẹlifíṣọ̀n ń fi àwọn òṣìṣẹ́ kan hàn ní Florida, tí wọ́n gbé ìwé ìbò sókè sójú iná, tí wọ́n ń yọjú wo ihò inú rẹ̀ bí ẹni ń wá ìdun. Dádì mi, tó ń wa takisí ní Washington, kà á sí eré. Bàbá Àgbà ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n bi Dádì léèrè pé ọjọ́ wo ni sójà máa jáde. Dádì ní sójà ò sí nínú ọ̀rọ̀ náà, adájọ́ ló máa parí ẹ̀. Bàbá dìde, wọ́n ṣí omi, wọ́n pọn ọ́n kún ọpọ́n ìwẹ̀, kún ìkòkò, kún gbogbo kẹ́ẹ̀gì tó wà nínú ilé. Ọjọ́ mẹ́ta la fi ń bomi wẹ̀ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, nítorí ẹnì kan ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan omi inú ọpọ́n. Ìyá mi bẹ̀ wọ́n títí. Nígbà tí èmi náà lọ bẹ̀ wọ́n, wọ́n tọ́ka sí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ní: "Àṣàkẹ́, ihò inú ìwé ni ẹ̀yin ń wò. Ojú àwọn tó ń kà á ni èmi ń wò."

Àwọn nìkan ló ń pè mí ní Àṣàkẹ́. Kúdírátù ni mo ń jẹ́ níléèwé. Yorùbá tí mo fi ń kọ èyí, ọwọ́ wọn ni mo ti kọ́ ọ, lórí tábìlì ìdáná, pẹ̀lú pẹ́ńsùlù àti rọ́bà tí wọ́n máa ń fi pa àmì ohùn tí mo bá fi síbi tí kò yẹ. Wọ́n lè kọ odindi ojú ewé kan fún mi láìsinmi. Ohun tí wọn kì í ṣe ni kí wọ́n fọwọ́ síwèé. Tí iléèwé bá fún mi ní ìwé pé kí òbí fọwọ́ sí i ká tó jáde lọ wo ibì kan, tí Dádì àti ìyá mi bá sì wà níbi iṣẹ́, mo mọ̀ pé mo ti wọ wàhálà. Bàbá á ka ìwé náà láti òkè délẹ̀, wọ́n á tún un kà, wọ́n á bi mí ní ohun tí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan túmọ̀ sí, wọ́n á wá dá a padà fún mi láìfọwọ́ sí i. Ọkùnrin tó ń já ẹrù fún wa padà wá lẹ́ẹ̀mẹta nítorí àpótí kan ṣoṣo. Mo bínú sí wọn lọ́jọ́ kan tí gbogbo kíláàsì mi lọ wo ọgbà ẹranko tí èmi sì jókòó sílé. Bàbá ò bá mi wí. Wọ́n kàn sọ pé: "Bí ọwọ́ bá ti kúrò lórí ìwé, kò sí bí èèyàn ṣe lè dá a padà."

Mo rò pé àgbà ló ń ṣe wọ́n. Mi ò mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀.

Ìgbà tí mo pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, ìyẹn ọdún tí ọkùnrin aláwọ̀ dúdú díje dupò ààrẹ, gbogbo agbègbè wa ló ń gbọ̀n. Ẹni tí kò bá gbé ní agbègbè Prince George's tiwa nígbà náà kò lè mọ̀ ọ́n. Lóde, ayọ̀ ni. Àwòrán ọkùnrin náà wà lára ẹ̀wù, lára fìlà, lára ife tíì. Ṣùgbọ́n tí èèyàn bá súnmọ́ àwọn àgbàlagbà, ọ̀rọ̀ míì ni wọ́n ń sọ. Ìyá mi ń tọ́jú àwọn arúgbó, ó sì máa ń dé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ sí i létí: wọn ò ní í jẹ́ kó wọlé, tó bá sì wọlé, wọn ò ní í jẹ́ kó pẹ́. Ilé mẹ́ta ládùúgbò wa ti ṣófo nítorí gbèsè báǹkì, koríko ti bo iwájú wọn. Lára àwọn aládùúgbò wa dúdú tí wọ́n bí síbí, àwọn kan wà tí wọn kì í dárúkọ ọkùnrin náà rárá, bí ìgbà tí èèyàn kì í dárúkọ oyún tí kò tíì dúró.

Mo ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn kíláàsì ní ilé ìtajà kan ní Largo. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, oníbàárà kan sọ fún mi pé òun ò ní í dìbò fún ọkùnrin náà torí pé Mùsùlùmí ni. Mo yára dá a lóhùn pé irọ́ ni, pé Kìrìsìtẹ́nì ni, pé ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo délé, mo ròyìn rẹ̀ pẹ̀lú ayọ̀ pé mo gbèjà rẹ̀. Bàbá Àgbà wà lórí àga pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Wọ́n dá a dúró. Wọ́n wo gèlè tí mo fi borí, wọ́n wo ojú mi, wọ́n sì bi mí pé: "Ká ní Mùsùlùmí ni ńkọ́?"

Mo kọjá lọ sí ìdáná. Ìtìjú rẹ̀ ṣì wà lára mi.

Ìjà wa tó le jù lọ, ọdún yẹn náà ló ṣẹlẹ̀. Mo ti gbà láti bá àwọn akẹgbẹ́ mi lọ kanlẹ̀kùn ní Virginia, ká máa rọ àwọn èèyàn láti jáde dìbò. Láàárọ̀ Sátidé tí a fẹ́ lọ, mi ò rí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mi. Mo wá gbogbo ilé. Inú àpò jálàbíà Bàbá ló wà. Wọ́n jókòó lórí ẹní ìrun, wọn ò dìde. Mo sọ ohun tí kò yẹ kí n sọ sí àgbà. Mo ní ìbẹ̀rù yín ló sọ yín di ẹni tó ń jí kọ́kọ́rọ́. Mo ní orílẹ̀-èdè tiwa kọ́ nìyí, pé ibí kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń sunlé. Ìyá mi ké sí mi láti ìdáná pé kí n panu mọ́. Bàbá kò wò mí. Wọ́n ní: "Ibẹ̀ náà kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń sunlé, kó tó di ọjọ́ tí wọ́n sun ún."

A ò bá ara wa sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Mísísì Lórẹ́ẹ̀nì ni kò jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá dúdú Amẹ́ríkà tó ń gbé ilé kejì sí tiwa ni, tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ lẹ́tà. Ó ti tó ogún ọdún tó ti ń ṣe òṣìṣẹ́ ìdìbò nílé ìwé tó wà lẹ́yìn òpópónà wa. Bàbá ti gba ìwé ọmọ orílẹ̀-èdè lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, ìyá náà sì rí wọn bí ẹni tó mọ̀wé, tó fara balẹ̀. Ó wá sílé wa, ó ní kí Bàbá wá bá àwọn ṣe é, pé èrò máa pọ̀, èèyàn ò sì tó. Bàbá dúpẹ́, wọ́n kọ̀. Ó tún wá, wọ́n tún kọ̀. Ìgbà kẹta, Bàbá wọ yàrá kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, èmi àti Bàbá lọ dúró de ìyá mi níbi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń dúró ní Largo. Òjò ń rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Àwa méjèèjì nìkan la wà nínú ọkọ̀, ibẹ̀ ni mo sì ti tún la ẹnu sí wọn. Mo ní: "Bàbá, tí ẹ bá ń bẹ̀rù pé wọ́n á ṣèrú, ṣé kì í ṣe irú yín ló yẹ kó jókòó síbẹ̀?"

Wọ́n kọjú sí fèrèsé. "Irú mi ló jókòó síbẹ̀ níjọ́sí," ni wọ́n wí.

Wọ́n wá ń sọ ọ́, wọ́n ń wo òjò. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni wọ́n, tíṣà ní abúlé kan lọ́nà Ìsẹ́yìn, ọdún tí gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn gbaná nítorí ìbò. Ìjọba fi wọ́n ṣe akọ̀wé ìdìbò. Àwọn èèyàn dìbò wọn ní wọ́ọ́rọ́wọ́, Bàbá sì kà á, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin mẹ́ta wọlé pẹ̀lú ìwé èsì mìíràn tí wọ́n ti kọ wá láti ibi tí wọ́n ti ń bọ̀. Ẹni tí kò rí ìbò ni ìwé náà sọ pé ó wọlé.

Mo bi wọ́n pé ṣé wọ́n yọ ìbọn ni.

"Wọn ò yọ ìbọn. Ọ̀kan nínú wọn ń bó ọsàn. Ó kàn bi mí pé ṣé mo mọ̀ pé ilé jìnnà." Bàbá nu gíláàsì ọkọ̀ níwájú wọn, bẹ́ẹ̀ lóde ni omi wà. "Mo fọwọ́ sí i."

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, Bàbá ti gba ọ̀nà Ìbàdàn. Nígbà tí àwọn ará abúlé gbọ́ èsì, wọ́n ya lọ sí ilé tí akọ̀wé ìdìbò háyà yàrá sí. Wọn ò bá akọ̀wé. Bàbá Ràsákì, onílé, ni wọ́n bá, àgbẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́ kọ, tí kò mọ̀ ọ́ kà. Wọ́n dáná sun ilé náà. Ọkùnrin náà wọlé padà láti lọ gbé nǹkan, òrùlé sì wó lé e. Ràsákì ọmọ rẹ̀ wà ní kíláàsì Bàbá Àgbà, orí ìjókòó iwájú ló máa ń jókòó.

Mo wo ojú ọ̀nà. Mo rí ìyá mi tó ń bọ̀ pẹ̀lú agbòjò, mo sì ń bẹ̀bẹ̀ lọ́kàn mi pé kó rọra. Kó tó ṣílẹ̀kùn, Bàbá sọ pé: "Sọ fún Mísísì Lórẹ́ẹ̀nì pé mo ń bọ̀."

Wọ́n lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ka ìwé tí wọ́n fún wọn bí Kùránì. Láàárọ̀ ọjọ́ ìdìbò, wọ́n kírun Súbùhì, wọ́n wọ kóòtù tí wọ́n fi ń lọ sí ọdún Iléyá, èmi ni mo sì fi ọkọ̀ gbé wọn lọ. A dé ilé ìwé náà. Wọ́n ní kí n dúró díẹ̀ ná, wọ́n jókòó sínú ọkọ̀ títí Mísísì Lórẹ́ẹ̀nì fi wá kan gíláàsì.

Mo padà lọ dìbò tèmi lọ́sàn-án. Ọ̀wọ́ èrò yí ilé ìwé náà po. Àwọn arúgbó gbé àga wá. Bàbá kan níwájú mi mú fọ́tò ìyá rẹ̀ tó ti kú dání, ó ní ìyá òun kò rí irú ọjọ́ yìí, òun sì fẹ́ kó dé ibẹ̀. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n ń bojú wẹ̀yìn. Ẹnikẹ́ni tó bá ti dìbò jáde, wọ́n á bi í pé ṣé ẹ̀rọ gbà á, ṣé ó dá a lójú. Nígbà tí mo dé ibi tábìlì, Bàbá Àgbà ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú awò lójú. Wọ́n béèrè orúkọ mi lédè Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Wọ́n béèrè ọjọ́ tí wọ́n bí mi, bẹ́ẹ̀ àwọn ló sọ mí lórúkọ. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lójú ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mejì. Bí wọ́n ṣe ń na káàdì tí màá fi ṣí ẹ̀rọ ìdìbò sí mi, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n ní: "Fara balẹ̀ kà á kó o tó tẹ̀ ẹ́."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n tilẹ̀kùn tán, ẹnu Mísísì Lórẹ́ẹ̀nì ni mo ti gbọ́ ọ. Ẹ̀rọ tu èsì jáde sórí ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn, gbogbo òṣìṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ó ti rẹ gbogbo wọn, wọ́n ń fẹ́ lọ sílé lọ wo tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n na bírò sí Bàbá. Bàbá ní àwọn fẹ́ kà á ná. Wọ́n kà á sókè, orúkọ kọ̀ọ̀kan, iye kọ̀ọ̀kan, láti òkè délẹ̀. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ń kùn. Bàbá wí fún un pé kó máà bínú, kó fi ìka tẹ̀lé e, kí àwọn jọ kà á. Ìyá náà ní òun bá wọn di ìwé náà mú nígbà tí wọ́n ń fọwọ́ sí i. Orúkọ wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n kọ sílẹ̀, wọn ò gé e kúrú.

Mo ń dúró nínú ọkọ̀ pẹ̀lú oògùn ṣúgà wọn. Nígbà tí wọ́n wọlé, mo bi wọ́n bó ṣe lọ.

"Ohun tó wà níbẹ̀ ni mo fọwọ́ sí," ni wọ́n wí, wọ́n sì ní kí n gbé gíláàsì sókè, nítorí àwọn èèyàn ti ń fọn fèrè ọkọ̀ lójú títì, Bàbá ò sì tíì mọ̀ bóyá ayọ̀ ni.

Ayọ̀ ni. Ọkùnrin náà wọlé. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí Dádì ń fò sókè nínú pálọ̀, ohun tí Bàbá béèrè ni ẹni tí kò wọlé. Wọ́n ní kí ló sọ. Mo gbé kọ̀ǹpútà mi wá, mo fi hàn wọ́n bó ṣe jáde síwájú àwọn èèyàn rẹ̀, tó gbà pé òun fìdí rẹmi, tó sì kí ẹni tó borí. Bàbá ní kí n tún un fi hàn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni. Wọ́n bi mí pé ṣé wọn ò sunlé ẹnikẹ́ni. Mo ní rárá. Wọ́n bọ́ awò, wọ́n fi jálàbíà nu ojú, wọ́n ní: "Ó dìde, ó sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀."

Ẹ̀rù náà kò tán. Kò pẹ́ tí àwọn kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé wọn ò bí ààrẹ tuntun náà sí Amẹ́ríkà, pé ìbò rẹ̀ ò tọ́. Dádì ní ọ̀rọ̀ wèrè ni. Bàbá Àgbà kàn mi orí. Wọ́n ní ẹni tí ìbò ò bá dùn mọ́, á wá ọ̀nà míì tí yóò gbà kà á.

Ṣùgbọ́n ohun kan ti yí padà nínú wọn láti àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Nígbà tí òtútù ń lọ sópin, wọ́n pè mí sí tábìlì ìdáná, wọ́n ní kí n mú ìwé àti bírò, àwọn fẹ́ kọ lẹ́tà, ọwọ́ àwọn ò dúró mọ́. Wọ́n ń pè é, mo ń kọ ọ́. Ó di ojú ìwé mẹ́rin. Sí ìdílé Bàbá Ràsákì ni. Wọ́n sọ gbogbo rẹ̀: ìwé tí wọ́n gbé wá, ọkùnrin tó ń bó ọsàn, bí wọ́n ṣe sá lọ láìjí onílé. Wọn ò bẹ̀bẹ̀ pé ikú ni wọ́n sá fún. Mo bi wọ́n pé ṣé kí n fi í kún un pé ọ̀dọ́ ni wọ́n nígbà náà. Wọ́n ní rárá, Ràsákì kéré jù wọ́n lọ. Níkẹyìn wọ́n gba bírò lọ́wọ́ mi, wọ́n fọwọ́ sí i fúnra wọn, wọ́n ní kí n kọ nọ́ńbà fóònù ilé sísàlẹ̀ rẹ̀. Ọkùnrin ará Ìsẹ́yìn kan ní mọ́ṣáláṣí wa tó ń lọ sílé ló bá wa mú un lọ.

Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń dúró. Tí fóònù bá dún, wọ́n á gbé orí sókè. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni wọ́n fi dúró. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, lẹ́yìn Súbùhì, ìyá mi bá wọn lórí ẹní ìrun, wọ́n fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹ̀mí ti bọ́. Dókítà ní ọkàn ló dáṣẹ́ sílẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì tí a ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ, fóònù ilé dún. Ohùn àgbàlagbà ọkùnrin ni, láti Nàìjíríà. Ó béèrè pé ṣé ilé Tíṣà nìyí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ ọmọ wọn ni mí. Ó ní Ràsákì ni òun. Ó ní lẹ́tà ti dé ọwọ́ àwọn, àwọn sì pe gbogbo agboolé jọ kà á. Ìyá òun ṣì wà láàyè, kò ríran mọ́. Mo bi í pé kí ni Ìyá wí.

"Wọ́n ní ká tún un kà," ló dá mi lóhùn. Ó wá ní kí n gbé fóònù fún Tíṣà.

Mo sọ fún un pé wọ́n ti lọ, pé àná la ṣe ọjọ́ kẹjọ wọn. Mo gbọ́ tí àkùkọ ń kọ lọ́hùn-ún, mo gbọ́ tí ẹnì kan ń bi í léèrè pé kí ni wọ́n wí. Nígbà tó yá, ó ní: "Ṣé ìwọ lo kọ ọ́?"

"Èmi ni mo kọ ọ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹnu wọn ni wọ́n fi pè é."

"Ìwọ ni màá dá lóhùn nígbà náà," ló wí. "A gbọ́."

Kò sọ pé àwọn dárí jì wọ́n, kò sì sọ pé àwọn ò dárí jì wọ́n. Ó ṣàdúrà fún òkú, ó kí mi kú ará fẹ́ra kù, ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Dádì mi dúró sẹ́nu ọ̀nà ìdáná, ó ń wo ojú mi, ó bi mí pé kí ni wọ́n sọ. Mo rò ó títí bóyá nǹkan kan wà tí mo lè fi kún un. Mo sọ fún un pé wọ́n ní àwọn gbọ́.